Ìbéèrè Tó Bá Gba "Pẹ̀lẹ́" Kì Í Gba Ìdáhùn Mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí aró, ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé èèyàn lè béèrè ọ̀nà lójú ogójì èèyàn tí gbogbo wọn mọ ọ̀nà ọ̀hún, kí wọ́n sì kàn máa wò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn nípàdé aláró kan níbí ní Òṣogbo lóṣù tó kọjá, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Aṣọ yáàdì 30 ló bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Aṣọ ẹbí ni, ìgbéyàwó sì ku ọjọ́ 9. Bí mo ṣe máa ń pò ó náà ni mo pò ó: fún yáàdì 5, aró ṣíbí ìjẹun 2, kọ́sítíìkì (sódà líle) 2, haidirósù (oògùn tó ń jẹ́ kí aró yòrò sínú omi kó lè wọnú aṣọ) 4. Ìlọ́po 6 ni mo ṣe é. Aṣọ jáde nínú omi, ó dúdú, mo ní mo dúpẹ́. Ìgbà tí mo máa ṣàn án lẹ́ẹ̀kejì, aró ń bá omi lọ. Ohun tó kù lára aṣọ dà bíi làpálàpá: ibì kan búlúù, ibì kan bí eérú, etí rẹ̀ funfun báláú. Agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Lọ́jọ́ yẹn èmi ni mo laró, èmi náà ni mo ń ráhùn rẹ̀.

Mo dìde nípàdé. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbà mí, aró mi ò mú. Gbogbo owó mi ló ti wọ ibẹ̀. Ẹni tó ta haidirósù fún mi ló pa mí. Kí ni kí n ṣe?" Omi ti ń bọ́ lójú mi.

Kẹ́kẹ́ pa. Fáànù nìkan ni mò ń gbọ́. Ẹnì kan ní, "Pẹ̀lẹ́." Ẹlòmíràn ní, "Ọlọ́run á fi èyí tó dáa rọ́pò." Ìyá kan tó ti ń rẹ aṣọ kí wọ́n tó bí mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú etí ìró rẹ̀ wò bí ẹni ń wá owó. Mo ṣì dúró. Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi ń gbọ̀n, torí mo mọ̀ pé tí mo bá ti jókòó, ọ̀rọ̀ mi ti parí nìyẹn. Akọ̀wé ló bá mi parí ẹ̀: "Ó dáa, ta ló kàn?"

Obìnrin kan tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló kàn, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sára aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀. Ẹ gbọ́ tiẹ̀: "Ẹ̀kọ láfún mi ń sán lórí aṣọ kí n tó rẹ ẹ́. Láfún kọ́ǹgò 1, álọ́ọ̀mù (alum) ṣíbí 1. Mo sè é títí ó fi ki, mo sá a sóòrùn láti aago 10. Èmi rò pé álọ́ọ̀mù ló kéré." Ó na aṣọ náà sókè kí gbogbo wa rí i.

Kò tíì jókòó tí ẹni mẹ́rin fi ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Álọ́ọ̀mù kẹ̀! Oòrùn ni. Abẹ́ ibòji lèèyàn ń sá a sí." "Ó ki jù ni. Ẹ̀kọ tó bá ki jù, tẹ́ ẹ bá ká aṣọ báyìí ló máa là." "O ò sẹ́ ẹ, kókó ló wà nínú ẹ̀." Àwọn ìyá méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ṣòkòtò kan náà lórí bóyá kí álọ́ọ̀mù wọlé kó tó hó tàbí lẹ́yìn tó bá hó. Aago 6 kọjá dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó rántí àdúrà ìparí. Lórí ẹ̀kọ tó sán! Èmi, odidi yáàdì 30!

Mo bínú sí wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tí ojú mi wálẹ̀ ni mo rí i pé wọn ò kórìíra mi. Bí mo ṣe béèrè ló bà á jẹ́.

"Aró mi ò mú" kì í ṣe ìbéèrè. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ bi mí ní nǹkan mẹ́wàá: ṣé òwú ni aṣọ yẹn lódindi àbí polyester wà nínú ẹ̀, torí polyester ò gba aró wa, ṣé mo fọ sítáàṣì ara aṣọ tuntun kúrò kí n tó rẹ ẹ́, omi lítà mélòó, báwo ló ṣe gbóná tó, ìgbà mélòó ni mo rì í bọ omi. Ta ló ráyè ìyẹn nípàdé? Ẹ kó gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ fúnra yín. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àwọ̀ omi. Omi aró tó bá ti jí, ìyẹn ni pé haidirósù ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, abẹ́ rẹ̀ máa ń pupa rúsúrúsú tó sì fẹ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, òkè rẹ̀ á máa dán bíi bàbà. Aṣọ á jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Tí omi bá jẹ́ búlúù dé ìsàlẹ̀, haidirósù ò ṣiṣẹ́ nìyẹn, orí aṣọ lásán ni aró jókòó sí, ó sì máa bá omi ìṣàn lọ. Tí mo bá ti sọ pé "omi mi búlúù dé ìsàlẹ̀", kò sí ọmọdé ìdí aró tí kò ní mọ ohun tó ṣe mí.

Ẹkún náà ò ràn mí lọ́wọ́. Láàárín àwa Yorùbá, "pẹ̀lẹ́" ti pé. Ẹni tó bá kí yín pẹ̀lẹ́ ti ṣe ojúṣe tirẹ̀, ó lè jókòó. Mo kó àdánù mi síwájú, wọ́n dá àdánù mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ta ọjà fún mi sì tún wà ńbẹ̀. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, ẹ má ṣe pe orúkọ mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ta là ń ra ọjà nílùú yìí tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnì kan tàbí àbúrò ẹnì kan? Ẹni tó bá dá mi lóhùn ti gbè mí lẹ́yìn nínú ẹjọ́. Wọ́n dákẹ́ kí wọ́n má bàa jẹ́rìí.

Àmọ́ gbogbo ìyẹn kéré sí èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an: ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin rò pé ó fà á, kódà bí kò bá tọ̀nà. Pàápàá bí kò bá tọ̀nà. Ẹ pa òwe ṣì níwájú àwọn àgbà kẹ́ ẹ wò ó. Ẹni tó ti sùn á jí. Ẹni tó ń bínú sí yín láti ọdún tó kọjá á tún un ṣe fún yín. "Èmi rò pé álọ́ọ̀mù ló kéré" ló ṣí gbogbo ẹnu yẹn. Ó tún ṣe nǹkan kan tí n ò tètè rí: ó jẹ́ kí àwọn ọmọdé rí ọ̀rọ̀ sọ. Tẹ́ ẹ bá ní "ẹ̀yin ìyá mi, kí ni kí n ṣe?", ọmọbìnrin tó ra haidirósù tó ti kú (tí agbára ti tán nínú ẹ̀) lọ́sẹ̀ tó kọjá ò ní la ẹnu níwájú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àbá yín ló fẹ́ tún ṣe, àgbà kankan kọ́ ló ń já nírọ́. Ẹnì kan sọ fún mi pé ọgbọ́n àrékérekè nìyẹn. Kì í ṣe àrékérekè. Ohun tẹ́ ẹ rò tọkàntọkàn ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ kàn má fi pamọ́ nítorí ìtìjú ni.

Lọ́jọ́ tí ojú mi wálẹ̀ yẹn, mo bá àwọn márùn-ún nídìí ìkòkò nínú agboolé kan. Mo ní, "Yáàdì 30, òwú ni, omi búlúù dé ìsàlẹ̀, èmi rò pé kọ́sítíìkì ló pọ̀ jù." "Kọ́sítíìkì kọ́ o!" Ẹ̀ẹ̀kan náà. Haidirósù tí ọ̀rinrin òjò ti wọ̀, tí wọn ò dé ìdérí rẹ̀ dáadáa, ti kú. Kí n ra tuntun, kí n fi kún omi gbígbóná, kí n dúró títí àwọ̀ ewé yóò fi yọ, kí n máa ri aṣọ bọ̀ ọ́, kí n sì máa sá a sáfẹ́fẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti wọ aṣọ náà, wọ́n ti jó nínú ẹ̀.

Ẹ má sì béèrè lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín owó àjọ tán, tàbí nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá ku ọ̀sẹ̀ kan lóṣù Ògọ́ọ̀sì. Ẹ mọ ìdí: ọkàn wọn ò sí lọ́dọ̀ yín mọ́.

Ó yá, tèmi rèé. Omi aró lítà 40, haidirósù tuntun, abẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí òkè rẹ̀ ò dán bíi bàbà, fóòmù funfun ló kó jọ síbẹ̀. Omi kànga ni mo lò dípò omi òjò. Èmi rò pé kànga yẹn ló fà á.