Ẹni Tí Wọ́n Ṣe Níbi Ni Ká Kọ́kọ́ Sáré Bá: Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Essen

Bí ẹnìkan bá lọgun "Olè! Olè!" ní Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́, kíá ni ọ̀nà yóò dí. Ìyá aláta yóò fi igbá sílẹ̀, ọlọ́kadà yóò dá ọ̀kadà dúró, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì yóò sáré jáde ti òun ti sípánà lọ́wọ́. Ní Essen, ní orílẹ̀-èdè Jámánì tí mò ń gbé báyìí, bí ẹnìkan bá lọgun ní ibùdókọ̀, àwọn èèyàn yóò yíjú síbẹ̀, ẹnìkan tàbí méjì yóò fa fóònù yọ, àwọn tó kù yóò dúró síbi tí wọ́n wà. Àwọn ará ilé tí mo bá ròyìn èyí fún máa ń ní, "Òyìnbó ò láàánú." N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí à ń sáré bá ló yàtọ̀. Níbí, wọ́n ń kọ́ èèyàn láti sáré bá ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Nílé, ẹni tí wọ́n ní ó ṣe ibi ni gbogbo wa ń sáré bá.

Òfin ló wà nídìí rẹ̀ ní Jámánì. Abala 323c nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wọn sọ pé bí o bá rí ẹni tó wà nínú ìjàǹbá tàbí ewu, tí o lè ràn án lọ́wọ́ láìfi ara rẹ sínú ewu ńlá, tí o sì kọ̀ tí o ò ṣe é, o lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 1 tàbí kí o san owó ìtanràn. Láti 2017, ẹni tó bá dí àwọn tó ń ṣèrànwọ́ lọ́wọ́ náà ti di arúfin. Ní October 2016, nínú ìlú Essen yìí kan náà, bàbá ẹni ọdún 83 kan ṣubú lulẹ̀ nínú ilé ìfowópamọ́ kan, níwájú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó. Oníbàárà kan wọlé, ó gbowó, ó jáde. Òmíràn wọlé, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni karùn-ún ló tó pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Bàbá náà kú sílé ìwòsàn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kámẹ́rà sì ti ká gbogbo wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ dá mẹ́ta nínú wọn lẹ́bi, ó ní kí wọ́n san owó ìtanràn, láti 2,400 yúrò dé 3,600. Wọ́n rojọ́ pé àwọn rò pé aláìnílé tó ń sùn ni. Adájọ́ kò gbà á lẹ́nu wọn, inú mi sì dùn pé kò gbà á. Ṣé aláìnílé kì í ṣe ọmọ èèyàn ni?

Bàbá yẹn kò bọ́ sọ́wọ́ olè o, àìsàn ló gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló kan ẹni tí wọ́n ń lù ní ojú pópó. Wọ́n sì ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó lè gba ìwé ìwakọ̀ níbí láìkọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Àwọn ọlọ́pàá wọn náà ń kìlọ̀ fún ará ìlú ní gbogbo ìgbà: má fi ara rẹ wewu, ké sí àwọn tó wà nítòsí, kí o nàka sí ẹnìkan pàtó pé "ìwọ tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa, wá bá mi", wo ojú oníṣẹ́ ibi náà, aṣọ rẹ̀, ibi tó gbà lọ, pe 110 tó jẹ́ nọ́ńbà ọlọ́pàá, dúró ti ẹni tí wọ́n ṣe níbi, má sì lọ, nítorí ẹ̀rí rẹ yóò wúlò. Mo wo gbogbo rẹ̀ yíká, n kò rí "na ọ̀daràn náà" níbẹ̀. Òfin gbà ọ́ láyè láti di ẹni tí o ká mọ́ ìdí iṣẹ́ ibi mú kó má baà sá lọ, títí ọlọ́pàá yóò fi dé, ó parí. Bí o bá fara pa níbi tí o ti ń gba èèyàn sílẹ̀, owó ìtọ́jú rẹ wà nínú ètò ìbánigbófò ìjọba. Bí o bá jẹ́rìí, wọn yóò kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ, wọn yóò dúpẹ́, ìwọ yóò sì máa lọ sílé rẹ.

Síbẹ̀, ó ní iye tí àwọn kan san. Ní September 2009, ní ibùdókọ̀ ojú irin Solln ní Munich, wọ́n lu Dominik Brunner pa nítorí pé ó gbèjà àwọn ọmọdé kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń dún kookò mọ́ nínú ọkọ̀. Ó ti fi fóònù pe ọlọ́pàá kó tó sọ̀kalẹ̀. Ní November 2014, ní Offenbach, Tuğçe Albayrak dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọ́n ń yọ lẹ́nu nínú ilé oúnjẹ kan. Níta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbá a, ó ṣubú, ó fi orí gbá ilẹ̀, kò sì jí mọ́. Ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 23 ni wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń mí fún un. Gbogbo Jámánì ló sunkún àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo bá rí àwọn èèyàn tó dúró jìnnà tí wọ́n ń tẹ fóònù, mo máa ń rántí pé àwọn náà mọ orúkọ wọ̀nyí.

Ní ti ilé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọmọnìkejì. Ọ̀nà tí ìlú wa gbà dá sílẹ̀ gan-an, ìtàn ẹni tó dá sí ọ̀ràn ni. Ọdẹ ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Òun àti àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ Alọ́ńgò sílẹ̀ láti máa gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí. Nígbà tí ọ̀tá kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń pọ́n ìlú Aláàfin lójú, ẹlẹ́jọ́ ni Ògúnlọlá jẹ́ ní Ọ̀yọ́. Kò sẹ́ni tí ì bá bá a wí bó bá jókòó jẹ́ẹ́. Ó dìde, ó bá ọ̀tá jà, ó sì gbé orí rẹ̀ wá síwájú ọba. Ogun nìyẹn o, ọ̀rọ̀ ọmọ tó jí fóònù kọ́. Títí dòní, àwọn ọdẹ àdúgbò ń fọn fèrè lóru, àwọn onílé ń dá owó wọn lóṣooṣù, Àmọ̀tẹ́kùn sì ti wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 2020. Bí mo bá ké lóru nílé bàbá mi, ọkùnrin mẹ́wàá á ti dé kí n tó pe orúkọ ẹni tó ń lù mí. Ní Essen, ara aago ẹnu ọ̀nà ni mo ti mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè mi.

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya tó ń jà jẹ́ kí n rí i kedere. Níbí, bí obìnrin bá pariwo, aládùúgbò kì í kan ilẹ̀kùn, ọlọ́pàá ló ń pè. Ní ìpínlẹ̀ tí Essen wà, ọlọ́pàá lè lé ọkọ tó ń lu ìyàwó jáde kúrò nílé fún ọjọ́ 10, ì báà jẹ́ òun ló ń san owó ilé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àgbà á wọlé tẹsẹ̀tẹsẹ̀, màmá kan á dì mọ́ ìyàwó, bàbá kan á gba igi lọ́wọ́ ọkọ. N kò rí ohun tó yára tó bẹ́ẹ̀ ní Jámánì. Ilẹ̀ mọ́ tán ni ọ̀rọ̀ wá máa ń bàjẹ́, nígbà tí àwọn àgbà kan náà bá ní kí obìnrin náà lọ kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀. Ìyẹn dùn mí gan-an, n kò sì lè fi bò.

Bí ọwọ́ bá tẹ ẹni tí wọ́n pè ní olè ńkọ́? Ta ló ń béèrè ohun tó jí? Ta ló ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ pariwo? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, a mọ òwe yìí, a sì ń gbé táyà àti bẹntiróòlù wá. Ní October 2012, ní Àlúù nítòsí Port Harcourt, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin torí wọ́n ní wọ́n jí kọ̀ǹpútà àti fóònù, àwọn kan sì ń ya fídíò wọn títí ẹ̀mí fi bọ́. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún èèyàn mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà, ọlọ́pàá sì wà nínú wọn. Ní March 2025, ní Uromi ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn èrò dá ọkọ̀ àwọn ọdẹ tó ń lọ sílé ọdún dúró, wọ́n rí ìbọn ọdẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ajínigbé ni wọ́n, wọ́n sì pa 16. Òfin Nàìjíríà náà gba ará ìlú láyè láti mú arúfin, ṣùgbọ́n kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara ni.

Àwọn tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ yí olè ká, ibo ni wọ́n máa ń wọlé sí bí ẹni tí adigunjalè yìnbọn fún bá wà nílẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi kan ń fi ọkọ̀ Micra gbé èrò ní Tákié, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó sọ fún mi pé òun rí ọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń nawọ́. Èrò inú ọkọ̀ ní kó má dúró. Awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n dá a dúró sí tẹ́ṣàn kan mọ́jú, wọ́n gba fóònù rẹ̀, owó béèlì ló sì fi jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kọjá lọ. Ohùn rẹ̀ yí padà bó ṣe ń sọ ọ́. Aláàánú èèyàn ni, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ẹ̀rù ló mú kó tẹ ọkọ̀ lọ, ẹ̀rù náà sì nídìí.

Mo sọ fún un pé òfin kan wà láti 2017 lórí ẹni tí ìbọn bà: ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gbà á, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, ilé ìwòsàn náà ni yóò sọ fún ọlọ́pàá láàárín wákàtí 2, gbogbo èèyàn, títí kan agbófinró, ló gbọ́dọ̀ ṣèrànwọ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè tí kò nídìí dójú ti ẹni tó gbé e wá. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Àbúrò, o ti ka òfin fún mi. Ta ló máa kà á fún ẹni tó jókòó sídìí káńtà?"

Mo rò ó dáadáa kí n tó fèsì, torí òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Jámánì kò fi òfin nìkan mú aráàlú dúró ti ẹni tó ń jìyà; wọ́n rí i dájú pé ẹlẹ́rìí kò ní di afurasí. Láìsí ìyẹn, àwa tó wà lókè òkun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa dá awakọ̀ Tákié lẹ́bi. Mo ní kó mú alága ẹgbẹ́ awakọ̀ àti alága onílé dání, kí wọ́n lọ bá DPO kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n fẹnu kò pé ẹni tó bá gbé èèyàn tó fara pa wá, wọn yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, yóò sì máa lọ sílé. Kí wọ́n béèrè ti ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún náà, torí òfin 2017 kò dárúkọ ọ̀bẹ. Mo fi òfin náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó ní òun yóò tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún inú Micra òun, èkejì fún tẹ́ṣàn.