Ìrẹsì Ni Mo Bù, Wọ́n Ní Ẹ̀gúnjẹ Ni

Wolé-wolé ìjọba wá yẹ ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Chicago wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀sán ti pọ́n, obìnrin náà ò tíì jẹun, jọ̀lọ́ọ̀fù sì wà nínú kúlà mi. Mo bù ú, mo fi dòdò sí i. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ó dúpẹ́, kò gbà á. Ìgbà tó lọ tán ni ọ̀gá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "A kì í fún èèyàn ní rìbá ní orílẹ̀-èdè tiwa."

Tiwa! Láti 1973, gómìnà Illinois mẹ́rin ni ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi tí wọ́n sì ti wẹ̀wọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn, Blagojevich, fẹ́ ta àga sẹ́nétọ̀ tí Obama fi sílẹ̀. Wọ́n ṣì ní àwa ọmọ Nàìjíríà la ni rìbá.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti William Lorimer, baba ìsàlẹ̀ kan ní Chicago níbí. Láyé ìgbà náà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń yan sẹ́nétọ̀, kì í ṣe ará ìlú. Wọ́n yan Lorimer ní 1909. Ọdún kejì, aṣòfin kan, Charles White, jáde nínú ìwé ìròyìn Chicago Tribune pé 1,000 dọ́là ni wọ́n fi ra ìbò òun. Àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbè é lẹ́yìn, ẹ ṣáà mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe. 1912 ni wọ́n tó yọ ọ́. Ní 1913 ni wọ́n tún ìwé òfin ilẹ̀ ṣe kí ará ìlú máa fọwọ́ ara wọn yan sẹ́nétọ̀. Èrò àwọn tó ń jà fún un ni pé aṣòfin díẹ̀ ṣeé rà, gbogbo ìlú ò ṣeé rà.

Wọn ò mọ ìdìbò gómìnà Èkìtì 2018, níbi tí wọ́n ti ń fowó ra ìbò, tí wọ́n ń pè é ní "dìbò kí o sebẹ̀".

Àwọn náà kúkú sebẹ̀ rí. Kí Illinois tó yí òfin padà ní 1891, ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń tẹ ìwé ìdìbò tirẹ̀, ẹni tó sanwó á sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa wo èyí tí ẹni tó gbowó jù sínú àpótí. Ni ìjọba bá gba títẹ̀ rẹ̀, wọ́n kó orúkọ gbogbo olùdíje sójú ìwé kan, wọ́n ní kí olúkúlùkù lọ tẹ̀ka ní kọ̀rọ̀. Olówó ò wá mọ̀ bóyá ọjà tó rà wọlé. Àwa náà ní kọ̀rọ̀ yẹn nílé, àwọn kan ṣì ń gbé ìwé sókè kí aṣojú ẹgbẹ́ lè rí i.

Ibi tí ẹ̀rín ti tán nìyí. La Follette, gómìnà Wisconsin tó bá wa pààlà, jà títí ará ìlú fi gba ìdìbò abẹ́lé lọ́wọ́ àwọn baba ìsàlẹ̀ ní 1904. Òfin gidi. Ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù, wọ́n ní ti òyìnbó nìkan ni. Texas kọ ọ́ sínú òfin ní 1923 pé ènìyàn dúdú kò gbọ́dọ̀ dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, ẹni tó bá sì yege níbẹ̀ ti wọlé tán. 1944 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tó fòpin sí irú ẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń jà fún ìbò gan-an, nígbà tí wọ́n ń wọ́de ní Washington ní 1913, wọ́n ní kí Ida B. Wells, ará Chicago wa, bọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn dúdú. Kò bọ́ sẹ́yìn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí àwọn ará Illinois fi dé, ó sì wọ àárín wọn.

Èmi ò tíì lè dìbò níbí, káàdì ìgbélùú nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Òfin ilé ò sì jẹ́ kí ẹni tó wà lókè òkun dìbò. Ohun tí mo lè ṣe kò ju pé kí n fowó ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Adó-Èkìtì, kí ó má baà gba ti ẹgbẹ́ kankan. Owó wọlé, ó pè mí: "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ta lẹ wá fẹ́ kí n dìbò fún?"