Kí ẹ tó ra màlúù òyìnbó: ohun tí mo ti kọ́ nípa omi wàrà

Bí ẹni tó ní màlúù mẹ́ta tàbí márùn-ún nítòsí Ìlọrin tàbí Ọ̀fà bá fẹ́ kí omi wàrà pọ̀ sí i, màlúù òyìnbó ló máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi máa ń béèrè ẹni tó ni omi wàrà ná. Ọ̀pọ̀ wa ló fa màlúù lé Fúlàní lọ́wọ́ ní gàá, omi wàrà sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fi ewé bọmubọmu sè é, òun ló sì ń tà á. Olówó màlúù tó ra oúnjẹ kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Obìnrin tó ń rí owó kọ́ ló ń pinnu ohun tí màlúù yóò jẹ. Ẹ jókòó pẹ̀lú tọkọtaya náà, ẹ fẹnu kò sí iye tó jẹ́ tiwọn, kí ẹ pín èyí tó bá lé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá kẹ́yìn sí gàá ni ọ̀nà tuntun yòówù tí ẹ bá mú wá parí.

Omi ló kàn. Nínú lítà omi wàrà mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́jọ tó jẹ́ omi lásán. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, màlúù tó ń fọ́mọ lọ́mú lè mu tó lítà 50 lóòjọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì. Èyí tó ń dé odò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kò lè mu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ la dúrọ́ọ̀mù tí wọn kò fi rọ kẹ́míkà rí ní òòró, ẹ gbé e síbi òjìji, kí omi wà nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Oúnjẹ ni wàhálà tó pọ̀ jù. Koríko gbígbẹ láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta a máa kún inú màlúù, kì í mú omi wàrà wá. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà ìgbà ìkórè ni mo fọkàn tán jù: ẹ sá a kó gbẹ, ẹ dì í, ẹ gbé e sórí àtẹ́, nítorí èyí tó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yóò bu. Èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ nídìí gàrí, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Ẹ sá a lóòrùn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, títí yóò fi máa kán lọ́wọ́; ẹ da èyí tó bá dúdú nù. Agbára nìkan ló ní, nítorí náà ẹ fi ewé agunmániyẹ̀ tàbí èérí àwọn tó ń ṣe wàrà sóyà kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ikùn má baà wú.

Pòròpórò àgbàdo náà wúlò. Kìlógíráàmù 100 tó ti gbẹ, tí a gé wẹ́wẹ́: ẹ po ajílẹ̀ yúríà kìlógíráàmù 4 sínú omi lítà 50, ẹ wọ́n ọn sí i ní ìpele-ìpele nínú kòtò tí a tẹ́ náílọ̀nù sí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ bò ó pinpin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, yóò jẹrà. Tí ẹ bá tú u, ẹ fẹ́ ẹ sílẹ̀ mọ́jú kí òórùn rẹ̀ lọ. Ọmọ màlúù tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, màlúù kankan kò sì gbọdọ̀ débi omi yúríà yẹn. Ó ń pa wọ́n kíá.

Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí gbọ́dọ̀ mu omi ọmú àkọ́kọ́ tó ki yẹn láàárín wákàtí mẹ́fà. Ẹ̀yìn ìyẹn, tí ẹ bá ń fún omi wàrà, ẹ fi orí ọmú méjì nínú mẹ́rin sílẹ̀ fún un. Ọmọ tó kú nítorí pé a fún omi wàrà ìyá rẹ̀ tán ni àdánù tí ọ̀pọ̀ kì í kà.

Ẹ fọ ọwọ́ àti ọmú, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Ẹ fún díẹ̀ àkọ́kọ́ sínú ife dúdú: bí ẹ bá rí èyí tó dì tàbí ẹ̀jẹ̀, ọmú ń ṣàìsàn. Ẹ fún màlúù yẹn kẹ́yìn, ẹ má da tirẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́, ẹ má ta omi wàrà rẹ̀ títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò yóò fi pé.

Tí gbogbo èyí bá ti dúró, a lè wá sọ̀rọ̀ irú òyìnbó. Èmi ò ní kí ẹ ra odindi rẹ̀, ooru àti eégbọn wa yóò dà á láàmú. Kí dókítà ẹran fi àtọ̀ akọ òyìnbó sínú abo Bunaji yín, ìyẹn màlúù funfun ti Fúlàní. Bí ọjọ́ 21 síra ni abo máa ń wá akọ. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́ kí èyí mìíràn gùn ún láàárọ̀, ẹ pe dókítà ẹran kó wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, kó dé láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì.