Lẹ́tà tó wà nínú báàgì mi

Ọjọ́rú. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá.

Lẹ́tà yẹn ti lo ọjọ́ márùn-ún nínú báàgì mi. Mo tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìdánwò àwọn SS2, níbi tí ojú mi ò ti ní máa já lù ú. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe pirinsípà ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìsẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì mi kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí. Ọ̀tunla nìyẹn.

Mo ti di ẹni ọdún 51. Ọdún 26 ni mo ti fi ń kọ́ Kẹ́mísírì n'Ìbàdàn níbí. Láyé àtijọ́, ǹ bá sọ pé ìfẹ̀yìntì ti ń kan ilẹ̀kùn: béèyàn bá ti pé ẹni ọdún 60, tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ó di ilé. Ṣùgbọ́n òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2022 sún un sí ẹni ọdún 65 tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́ fún àwa tíṣà. Bó bá jẹ́ ti òfin yẹn, ọdún 14 ṣì wà níwájú mi. Mi ò lè sọ pé mo ti darúgbó.

Bàbá Tómi ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ìròyìn tí wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "O ò ṣáà ní kọ̀ ọ́."

Mo kọ́kọ́ ní owó ló ń fà mí sẹ́yìn. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan. Nígbà tí lítà epo bẹntiróòlù kan ò tíì tó 200 náírà, ìṣirò náà ì bá dùn ún wò. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó yàrá tí mo máa gbà síbẹ̀, àti owó ẹni tó máa máa sùn ti Màámi gbé àlékún owó oṣù ipò náà mì, wọ́n tún ń wojú mi bóyá ó ku nǹkan. Ọ̀nà kọ́ ni wàhálà o. Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, gba Ìjàyè, kìlómítà 65 ni, wọ́n sì ti tún un ṣe.

Àná ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe owó. Mo jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá wa, pirinsípà wa, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, fóònù wọn dún lẹ́ẹ̀mẹfà. Òbí kan ń bínú pé wọ́n gé irun ọmọ òun. Ẹni tó tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe ń béèrè àṣẹ́kù owó rẹ̀. Ọ̀gá ti já bisikíìtì kan, wọ́n mú ẹyọ kan dání, ẹyọ yẹn ò dé ẹnu wọn títí mo fi dìde. Jógíráfì ni wọ́n ń kọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ máa ń sáré wọ kíláàsì wọn. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ṣọ́ọ̀kì ti kan ọwọ́ wọn gbẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni mo ti lọ bá àwọn SS3 mi ní láàbù. Titration là ń ṣe, ìyẹn ká máa kán ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú omi mìíràn títí àwọ̀ rẹ̀ fi máa yí. Ọmọbìnrin kan tí kì í lanu sọ̀rọ̀ rárá ló wà nídìí burette, ọ̀pá gíláàsì tí ásíìdì ń gbà kán sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ibi tí ásíìdì dé dọ́gba, ó ń jẹ́ kó máa kán sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà nínú ìgò pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè. Ó kán, kò yí. Ó tún kán, kò yí. Ìkẹta ló pupa lójijì, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ figbe ta: "Mà! Ó ti yí o!" Mo ní kó rọra, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, mo wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń wá awò ojú mi. Orí mi ni awò náà wà.

Nírọ̀lẹ́ òní, bí mo ṣe fún Màámi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, mo sọ fún wọn.

"Ìsẹ́yìn?" Ojú wọn là. "Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti ń hun òfì?"

Nígbà tí wọ́n ń tajà ní Gbági, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ra aṣọ òkè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa àwọn ahunṣọ, bí ẹni pé àná ni mo tibẹ̀ dé. Wọ́n ní sányán gidi kì í dán yinrin bíi ti ìsinsìnyí. Mo ní, "Màámi, ta ló máa wà lọ́dọ̀ yín bí mo bá lọ?"

Wọ́n dákẹ́, wọ́n wò mí. "Ṣé èmi lo fẹ́ fi ṣe àwáwí? Nígbà tí mò ń lọ Ìsẹ́yìn, ọwọ́ ta ni mo fi ọ́ sí?"

Ọwọ́ Màmá Àgbà ni. Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ kàwé, tíṣà ni nílé-ẹ̀kọ́ Ìsẹ́yìn náà. Mi ò béèrè ilé, mi ò béèrè iná. Láàbù ni mo béèrè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láàbù wà, ṣùgbọ́n tíṣà Kẹ́mísírì ti fẹ̀yìn tì, àgùnbánirọ̀ ni wọ́n ń lò. Bí èyí bá parí ọdún tiẹ̀, ó di ìgbà tí òmíràn bá dé. Àwọn ọmọ ń há titration sórí bí ìtàn, wọn ò rí i rí.

"Kọ́kọ́rọ́ láàbù ńkọ́?"

"Inú dúrọ́ọ̀ pirinsípà ló wà."

Inú mi dùn, ojú sì tì mí pé inú mi dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọn ò kúkú ní pirinsípà ò gbọdọ̀ ní pẹ́ríọ́ọ̀dù tó fi ń kọ́ni. Méjì lọ́sẹ̀ tó mi. Kí fóònù máa dún lọ́hùn-ún.

Mo ti mú bírò, mo ti kọ déètì. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ké sí mi láti yàrá wọn ni: bí mo bá débẹ̀, kí n bá wọn béèrè iye tí wọ́n ń ta aṣọ ẹtù báyìí.