Ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé: ẹ kọ ọjọ́ àyẹ̀wò sílẹ̀ kó tó di pé ó ń lọ sílé

Bí mo bá ní kí n mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ wíwo ojú ọmọ fún ROP (retinopathy of prematurity), àrùn rẹ́tínà tó ń fọ́ ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, òun nìyí: lọ́jọ́ tí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé bá ti wọ wọ́ọ̀dù ni kí ọjọ́ àyẹ̀wò ojú rẹ̀ ti wà lára káàdì rẹ̀.

Nínú oyún, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 ni iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tí a fi ń ríran, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ó di bí ọ̀sẹ̀ 40 kó tó dé etí awọ náà yíká. Ọmọ tí a bá bí ní ọ̀sẹ̀ 30 ti jáde kí iṣẹ́ ọ̀hún tó parí. Bí ọ́síjìn bá wá pọ̀ jù lára rẹ̀, iṣan náà á dúró. Tó bá yá, apá tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀jẹ̀, iṣan tuntun á hù níhùkúhù, á sì máa fa rẹ́tínà títí tí yóò fi ṣí kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Ní gbogbo àsìkò yìí, ojú ọmọ mọ́ roro lóde. Ìgbà tí ìyá bá fi máa rí funfun láàárín ẹyinjú, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí kò ju gíráàmù 1,500 lọ, tàbí tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 30 sísàlẹ̀, ni wọ́n ń wò. Ẹ má fi ìyẹn díwọ̀n níbi tí ọ́síjìn ti ń jáde tààrà láti inú sílíńdà láìsí ohun tó ń pò ó pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Níbẹ̀, ọmọ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ náà ń fọ́jú. Íńdíà ń wo ọmọ tí kò tó gíráàmù 2,000 tàbí ọ̀sẹ̀ 34. Tiwọn ni mo fara mọ́.

Kí ọmọ tó pé 30 ọjọ́ láyé ni kí a ti wò ó. Èyí tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 28, tàbí tí kò tó gíráàmù 1,200, ẹ wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta tí a bí i. Ọmọ gíráàmù 1,700 ló sábà máa ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, torí ó ti lọ sílé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì, ti ìyá àti ti ẹlòmíì nínú ẹbí, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ fún un pé: “Ìyá, bí a kò bá wo ojú yìí lọ́jọ́ tí a dá yìí, ó lè fọ́ láìtún ṣeé wò.”

Lórí ọ́síjìn, ẹ̀rọ tí a so mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ kó máa ka 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé aago tó ń dún bí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀ jù nìkan ni wọ́n máa ń tò, wọn kì í to èyí tó ń dún bó bá lọ sókè jù. Bí ẹ̀rọ bá ka 100, inú gbogbo ènìyàn á dùn. Rárá o! Fún ọmọ tó ń gba ọ́síjìn, 100 ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù.

Ní wákàtí kan ṣáájú àyẹ̀wò, ẹ dẹ́kun fífún ọmọ lóúnjẹ kó má baà bì. Ẹ kán tropicamide 0.5% àti phenylephrine 2.5%, oògùn tó ń fẹ ihò dúdú àárín ojú, sí i lójú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín wọn. Phenylephrine 10% ti àgbàlagbà léwu fún un, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ẹ nu èyí tó bá ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kíákíá, torí awọ ọmọ yìí tín-ín-rín, oògùn á gbà á wọlé. Bí ihò dúdú àárín ojú kò bá fẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ má kán sí i mọ́, ẹ sọ fún dókítà ojú: ó lè jẹ́ àmì pé àrùn náà ti le. Ẹ fi aṣọ wé ọmọ dáadáa, kí nọ́ọ̀sì kan sì máa ṣọ́ èémí àti ọkàn rẹ̀, torí irin tí a fi ń la ìpéǹpéjú lè mú kí èémí dúró. Irin tí a ti bọ̀ ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Bí àrùn ojú náà bá ti le dé ibi tó fi nílò ìtọ́jú, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 sí 72 lọ kí a tó lo lésà (ìtànṣán iná tí a fi ń tọ́jú rẹ́tínà) tàbí abẹ́rẹ́ inú ojú. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò rárá, ẹ ti mọ ibi tí lésà wà àti ẹni tí ẹ máa pè.

“Ojú dára” tí wọ́n máa ń kọ sí káàdì ti tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ, wọn ò padà wá mọ́. Títí iṣan yóò fi dé etí rẹ́tínà, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni a ń fi pe ọmọ padà. Ẹ kọ ọjọ́ tó kàn sí ẹ̀gbẹ́ èsì náà gan-an, kí ẹ sì kà á sókè sí ìyá létí.