Wọ́n gé kátálíísì lábẹ́ ọkọ̀ mi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, síbẹ̀ tí mo bá gbọ́ òórùn èéfín ọkọ̀, àyà mi ṣì ń já. Mo ní kí n jẹ́ kí ọkàn mi rọlẹ̀ ná kí n tó kọ ọ́, kò rọlẹ̀. Mo sì mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ń wà, mẹkáníìkì kan sì wà tí ẹ máa ń fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ láàárọ̀, tí ẹ ó gba ibi iṣẹ́ yín lọ. Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Corolla 2006 ni ọkọ̀ mi. Ní bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, iná check engine tàn, ọkọ̀ náà kò sì fẹ́ fà mọ́, pàápàá tí a bá ń gun òkè. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé tí mo fi fọkàn tán an. Ọdún mẹ́fà ló ti ń tún ọkọ̀ yẹn ṣe, ó ti jẹ ẹran Iléyá nílé mi. Ó ki ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe síkáànì bọ̀ ọ́, P0420 ló jáde, nọ́ńbà tó ń sọ pé kátálíísì kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ó ní, "Mọ́mì, kátálíísì ló ti dí. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká fi páìpù sí i, ọkọ̀ yín á máa fò. Nǹkan yẹn ò wúlò ní Nàìjíríà, ti Òyìnbó ni." Mi ò mọ̀ nígbà náà pé agolo irin ojú páìpù èéfín tó ń pa májèlé inú èéfín ni kátálíísì. Mo ní kó ṣe é. Mo san owó wẹ́dà. Mi ò bi í pé èyí tó yọ dà. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí n bi í.

Lóòótọ́ ọkọ̀ náà fò. Ariwo rẹ̀ yí padà díẹ̀, bí ẹni tó ń hanrun. Iná náà kú. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn kan lára aṣọ mi tí mo bá délé, bí òórùn ẹni tó jókòó ti jẹnẹrétọ̀ látàárọ̀. Mo ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni. A ń bọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbàdàn, èmi, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 7, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì pé 4. Òjò bẹ̀rẹ̀ láti Ṣàgámù. Nígbà tí a fi máa dé Mowe, ọkọ̀ ti dúró pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń rin ọ̀nà yẹn, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sún bí ẹsẹ̀ méjì, a tún dúró. Mo gbé gbogbo gílàsì sókè nítorí òjò, mo tan AC, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí a ṣe jókòó sí bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ó ju wákàtí kan lọ.

Orí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo ní ebi ni, nítorí oúnjẹ ni mo ń bá wọn pín lóde náà, èmi gan-an ò jẹun. Ọmọbìnrin mi ní, "Mọ́mì, orí ń fọ́ mi." Mo ní kó sùn. Ó tún ní òòyì ń kọ́ òun. Mo ní ẹran tó jẹ ló pọ̀ jù, kó sùn. Ó ń dùn mí dé egungun títí di òní pé ẹ̀ẹ̀mejì lọmọ mi sọ fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó sùn. Nígbà tó yá, ó bì sórí ańkárá tí a dá sí ìsọmọlórúkọ náà. Mo yíjú sẹ́yìn kí n nawọ́ tíṣù sí i, ojú mi ń ṣe bàìbàì, apá mi wúwo bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó wo àbúrò rẹ̀.

Ó ti sùn láti Ṣàgámù, mo sì ti ń dúpẹ́ pé ó sùn. Orí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, itọ́ ń ṣàn sórí bẹ́líìtì. Mo fà á lẹ́sẹ̀, kò mira. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo pe oríkì rẹ̀: "Àkànní! Àkànní ọkọ mi!" Ọmọ tó jẹ́ pé bí a bá pe oríkì yẹn lójú oorun, ó máa ń rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Kò ṣí ojú. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí mo ti ń wà láti ọdún mẹ́fà, ọwọ́ mi kò rí i.

Ọmọbìnrin kan tó ń ta ìpékeré lójú títì ló gbà wá. Ó kan gílàsì pé kí n ra, ó rí ojú mi, ohùn rẹ̀ yí padà: "Mọ́mì, ẹ ṣí i! Ẹ ṣílẹ̀kùn!" Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ bọ́tìnnì. Bó ṣe ṣí i ló fi ọwọ́ bo imú. "Èéfín ló kún inú ọkọ̀ yín o! Ẹ gbé wọn sílẹ̀!" Òun ló gbé ọmọkùnrin mi jáde sínú òjò. Igbá ìpékeré rẹ̀ dà sínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan sún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò wẹ̀yìn wò. A tẹ́ ọmọ sórí kóńkéré àárín títì, òjò ń pa á lójú, mò ń pe Ọlọ́run, mò ń pe Àkànní. Ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Lójú mi, ilẹ̀ ṣú, ó sì mọ́. Lẹ́yìn náà ó wúkọ́, ó figbe ta. Mi ò gbọ́ ẹkún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí màá fi gbórí sókè, ọmọbìnrin náà ti lọ, mi ò sì tíì rí i san owó ìpékeré rẹ̀ fún un.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ki ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bọ ọmọ níka, 98 ló fi hàn. Nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Dókítà obìnrin kan ló bi mí pé níbo la ti ń bọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó ní ká má wo nọ́ńbà yẹn rárá, pé ẹ̀rọ ìka kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti ẹ̀jẹ̀ tó gbé káábọ̀nù mónọ́sáìdì, gáàsì olóró inú èéfín ọkọ̀. Ó ní gáàsì náà kò ní àwọ̀, òun gan-an kò ní òórùn, òórùn tí à ń gbọ́ ti èéfín yòókù tó ń bá a rìn ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Afẹ́fẹ́ lásán á fi bí wákàtí 4 sí 5 lé ìdajì rẹ̀ jáde, ọ́síjìn á ṣe é ní bíi wákàtí kan lé díẹ̀. Ó fi ọ́síjìn sí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nímú. Lọ́jọ́ kejì a padà sílé. Ara wọn ti yá, ẹ bá mi dúpẹ́.

Mẹkáníìkì mìíràn ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ bá. Ó fi jáàkì gbé e, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Láti ìsàlẹ̀, ojú ibi tí wẹ́dà jó dán, kò sí nǹkan kan. Ó wá gba fóònù mi, ó nà án gba òkè páìpù náà, ó ya fọ́tò. Ẹ̀yin èèyàn mi, òkè páìpù náà là tó gígùn ìka mi àárín. Abẹ́ ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó jó o kò tú páìpù náà sílẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ló ti jó ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Èéfín ń ti ibẹ̀ jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì gan-an. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Nígbà tí ó bá dúró, òkè ló ń gbà, ìsàlẹ̀ gílàsì iwájú ni AC sì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé.

Ọkùnrin yẹn ló fi òkú kátálíísì kan tó fọ́ hàn mí. Agolo irin ni, inú rẹ̀ dà bí afárá oyin tí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe, ihò rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi pé abẹ́rẹ́ ló lè wọ̀ ọ́. Platinum, palladium àti rhodium ni wọ́n fi ra ara ihò wọ̀nyẹn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gíráàmù díẹ̀ péré. Tó bá ti gbóná dáadáa, èéfín ń gba inú rẹ̀ kọjá, káábọ̀nù mónọ́sáìdì á di káábọ̀nù dáyọ́sáìdì, epo tí kò jó tán á di èyí kan náà àti omi, àwọn ọ́sáìdì nítírọ́jìn tó ń ta ẹ̀dọ̀fóró á padà di nítírọ́jìn lásán tó kún inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Èyí tó dára lè pa ju ìdá 9 nínú 10 májèlé yẹn. Ìyẹn ni pé ká ní ó wà níbẹ̀, èéfín tó ń jáde kò ní le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe mí níbi: wọ́n yọ ohun tó ń pa májèlé, wọ́n sì jó páìpù tó ń gbé májèlé náà ní ìjókujó.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ọ́? Ẹ ti rí àwọn tó ń lọ láti ọgbà mẹkáníìkì kan sí èkejì tí wọ́n ń ra kátálíísì. Ní 2021, nígbà tí ọ́ǹsì wúrà kan kò tó 2,000 dọ́là, ti rhodium kọjá 20,000. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣáná sí Honda Jazz rẹ̀, ó ké bíi katakata, wọ́n ti gé e lọ lóru. Níbẹ̀, olè ló ń gé e. Níbí, èmi ni mo san owó iṣẹ́ fún ẹni tó gé e.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, tí mo fẹ́ kí ẹ mú bí ẹ kò bá mú òmíràn: ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ yín. Kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀ láti ẹ́ńjìnnì dé sáláńsà. Tí ẹ bá padà wá gbà á, ẹ tún ya á, ẹ fi wé ara wọn. Ẹ na fóònù gba òkè páìpù, nítorí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń dán fún ojú yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní obìnrin kì í wọ abẹ́ ọkọ̀. Obìnrin náà ló ń gbé ọmọ jáde nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa iná check engine ní ìpakúpa. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kan wà ṣáájú kátálíísì, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ní ti ọkọ̀ mi, irin kékeré kan ni wọ́n fi gbé ti ẹ̀yìn kúrò lójú èéfín kó má bàa rí nǹkan kan. Mo rí irin náà, torí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kátálíísì kì í sì í ṣàdédé kú. Ohun tó pa tèmi ni kọ́ìlì kan tí kò tan púlọ́ọ̀gì dáadáa mọ́, epo tí kò jó ń lọ jó nínú kátálíísì, ó yọ́ afárá rẹ̀. Ká ní wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì náà nígbà tí ọkọ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n, èmi ì bá má kọ ohun tí mò ń kọ yìí.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti "ti Òyìnbó ni." Mo lọ bá mẹkáníìkì mi, ohun kan náà ló tún sọ. Àwọn àgbà ọ̀gá wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, mo sì wá mọ ibi tó ti ṣẹ̀: nígbà tí òjé ṣì wà nínú bẹntiróòlù wa, òjé náà máa ń bo irin inú kátálíísì mọ́lẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti 2006 ni gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà ti jáwọ́ nínú epo olójé. Ó ti tó bí ogún ọdún! Ìjọba àpapọ̀ ní òfin èéfín ọkọ̀ láti 2011, NESREA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, ló wà nídìí rẹ̀. Imú Òyìnbó ha yàtọ̀ sí imú Àkànní mi bí? Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í gbé jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá sùn. Inú jẹnẹrétọ̀ ni mo kó àwọn ọmọ mi sí láti Ìbàdàn.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: tí ọmọ bá ní orí ń fọ́ òun nínú ọkọ̀, ẹ ṣí gílàsì. Òjò kì í pa ọmọ. Ẹ ṣí i.

Mo ti ra òmíràn, owó rẹ̀ dùn mí, mo sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi fi bóòtù dè é láìjó nǹkan kan. Láàárọ̀ àná, mo tẹ́ ìró sílẹ̀, mo sùn sí abẹ́ ọkọ̀ kí n tó gbé wọn lọ sí ilé ìwé. Ọmọbìnrin mi ló bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò tíì wo òkè páìpù." Mo na fóònù, mo ya fọ́tò. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó fúnra rẹ̀, kó tó gbà kí àbúrò rẹ̀ wọlé.