Èsì WAEC tó wà lọ́wọ́ yín lè má tíì sí lójú JAMB: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí wíwọlé fún Economics

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tètè kọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà kó sínú ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Economics gba 264 ní JAMB. Nínú WAEC, ó ní A1 nínú Economics, ó ní B3 nínú Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tó burú ju C5 lọ nínú àwọn tó kù. Lísìtì ìgbàwọlé yunifásítì jáde, orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo ní kí wọ́n ṣí CAPS, ìyẹn ibi tí JAMB ti ń ṣètò ìgbàwọlé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tẹ ibi tí wọ́n kọ “My O'Level” sí, kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ọmọ náà kà á: “Awaiting Result.” Ó tún un kà. Ìwé èsì rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú wọn, ó ti jáde tipẹ́, àmọ́ lójú JAMB, ọmọ tó ṣì ń retí èsì ni. Wọ́n ti gbé èsì náà sórí portal yunifásítì nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún post-UTME, ìyẹn àyẹ̀wò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, wọ́n sì gbà pé ó ti parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Portal yunifásítì dá dúró, CAPS dá dúró, orí CAPS sì ni ìgbàwọlé ti ń wáyé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ náà ò kàwé tó. Ó kàwé. Wọ́n padà gbé èsì náà sórí CAPS, ó sì rí àyè ní yunifásítì mìíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ, ẹ lọ sí CBT centre tí JAMB fọwọ́ sí tàbí ọ́fíìsì JAMB, ẹ ní kí wọ́n gbé èsì yín sókè. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìwò ó. Ẹ wọ efacility.jamb.gov.ng, ẹ tẹ “Check Admission Status”, lẹ́yìn náà “Access my CAPS”, kí ẹ wá ṣí “My O'Level”. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ ń lò, ẹ yí bíráúsà sí “Desktop site”, torí ibi tí a ń wí yìí sábà máa ń fara pamọ́ lójú fóònù. Ẹ ka máàkì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ìdánwò àti ọdún rẹ̀. Àṣìtẹ̀ nọ́ńbà kan ṣoṣo lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Èsì wo gan-an ni wọ́n ń béèrè? Kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Economics, àti méjì mìíràn tó bá ẹ̀ka náà mu. Láti A1 dé C6 ni kírẹ́díìtì. D7 kì í ṣe kírẹ́díìtì, bó ti wù kí JAMB yín ga tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sá fún Ìṣirò, tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọjà àti owó lásán ni Economics. Kò rí bẹ́ẹ̀, Ìṣirò ló gbé e dúró láti ọdún àkọ́kọ́. Yunifásítì kan lè gba èsì ìjókòó méjì, ìyẹn èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì tí a pa pọ̀, òmíràn lè má gbà á. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí IBASS, ibi tí JAMB kọ ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí, ìyẹn ibass.jamb.gov.ng, kí ẹ tó yan ilé ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ bá sì jókòó lẹ́ẹ̀mejì, èsì méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí CAPS.

Ní JAMB fúnra rẹ̀, ẹ ó ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Economics, pẹ̀lú ẹyọ kan sí i, bíi Government tàbí Geography. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 sì ni ìkọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Ní 2025, 150 ni JAMB fi ṣe ìwọ̀n tó kéré jù fún yunifásítì, àmọ́ 200 ni UI àti UNILAG ń béèrè. Èyí kàn ń jẹ́ kéèyàn lè jókòó fún post-UTME ni. Ní UI, wọ́n máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín ti post-UTME, wọ́n á sì pa á pọ̀. Ẹni tó ní 264 àti 68 yóò ní 33 àti 34, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 67. UNILAG ń ka máàkì WAEC mọ́ ọn: A1 jẹ́ 4, C6 jẹ́ 2, nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún. Ìyẹn ni pé C6 márùn-ún ti sọ máàkì 10 nù nínú 20.

Àwọn tó fẹ́ gba Direct Entry wọ ọdún kejì nílò A-level, tàbí JUPEB tàbí IJMB, ìyẹn àwọn ìdánwò tó dúró fún A-level, tí Economics wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ò bọ́ lọ́wọ́ kírẹ́díìtì márùn-ún yẹn o, ó sì gbọ́dọ̀ wà lórí CAPS bákan náà.

Bí CAPS bá wá gbé àyè wá fún yín, ẹ tẹ “Accept” kí ẹ tó san owó kankan fún yunifásítì, kí ẹ sì tẹ lẹ́tà ìgbàwọlé JAMB jáde, torí wọn yóò béèrè rẹ̀ níbi ìforúkọsílẹ̀.